Ibi Tí Ọ̀dà Ti Ń Wú Kọ́ Ni Omi Ti Gbà Wọlé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìkìlọ̀ ni òwe yìí jẹ́ fún ẹni tó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ tó gba sùúrù. Ṣùgbọ́n bí bíríkìlà bá gbọ́ ọ, yóò ní kò sí àfiwé kankan níbẹ̀, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Iná kì í jó ilé lójoojúmọ́, ìjì kì í sì í ṣí òrùlé lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin lè bá ènìyàn gbé fún ọdún mẹ́wàá láìkan ilẹ̀kùn. Ọ̀dà ni yóò kọ́kọ́ wú bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Lẹ́yìn náà, sìmẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ògiri yóò rọ̀, yóò máa já bọ́ bí èlùbọ́. Bí ó bá pẹ́ sí i, omi yóò dé ibi tí irin wà nínú kọnkéré. Irin tó bá dípẹtà a máa wú, bí ó bá sì ti wú, yóò la kọnkéré tó bò ó mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń kúrò ní ti ẹwà ilé, tí ó ń di ti ẹ̀mí.

Nínú ilé tí ìdílé kan ṣoṣo ń gbé, ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin kò ju ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Nínú ilé àjùmọ̀gbé, níbi tí àjà ẹnì kan ti jẹ́ ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni. Ta ni ó da omi? Ta ni yóò sanwó? Ta ni ó ń purọ́? Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tí omi ti wá, wọ́n á ti mọ ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Èkó, tí ìdílé mẹ́rin ń gbé, méjì nísàlẹ̀, méjì lókè, fi èyí hàn gbangba.

Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń gbé ní apá òsì nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Lókè rẹ̀ gan-an ni Bàbá Ìbejì àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti jọ wà nínú ilé náà. Bí Màmá Tíṣà bá se ìrẹsì ọ̀fadà, abọ́ kan a gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Bí Bàbá Ìbejì bá ti Ìjẹ̀bú dé, gàárì a sọ̀ kalẹ̀ wá.

Ní àkókò òjò kan, ògiri yàrá tí ìyá náà àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ń sùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, àmì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje, ó ti tẹ́ bí ẹní. Ọ̀dà wú, ó bẹ́. Ohun dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, bí ó ṣe máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu. Òórùn yàrá yí padà. Aṣọ tí wọ́n kó sínú àpótí ń rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lóru.

Bálùwẹ̀ Bàbá Ìbejì ni ó wà lórí ògiri náà gẹ́lẹ́. Kí ni ènìyàn tún ń wá? Màmá Tíṣà gun òkè lọ.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ bálùwẹ̀ yín wò. Omi yín ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.”

“Hàà, ẹ má bínú, Mà. Màá pe pọ́ńbà lónìí.”

Ó pè é lóòótọ́. Wọ́n hú táìlì, wọ́n pààrọ̀ páìpù, wọ́n lẹ táìlì tuntun. Owó ara rẹ̀ ni ó ná sí i, ó sì sinmi. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, ògiri ìsàlẹ̀ tún tutù. Màmá Tíṣà ní iṣẹ́ ojú ayé ni wọ́n ṣe lókè. Bàbá Ìbejì ní bí òun bá tún fi kọ́bọ̀ kan sí i, á jẹ́ pé ẹnì kan ń ṣe òun. Láti ọjọ́ náà, abọ́ ìrẹsì kò gun àtẹ̀gùn mọ́. Àwọn ìbejì tí ìyá náà kọ́ ní ABD dẹ́kun láti máa wọlé kí i bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé.

Wọ́n kọ̀wé sí onílé. Onílé rán éjẹ́ǹtì rẹ̀ wá. Éjẹ́ǹtì wo ògiri náà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní ìyá àgbà kì í ṣí fèrèsé, pé ooru ìkòkò ọbẹ̀ ni ó ń lọ dúró sára ògiri. Ó wá rán akunlé kan wá. Akunlé ha ògiri, ó kun ọ̀dà tuntun. Ó dára lójú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kun ògiri kan náà láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ọ̀dà sì bẹ́. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ti dá lẹ́bi nígbà náà: Bàbá Ìbejì nítorí bálùwẹ̀ rẹ̀, Màmá Tíṣà nítorí fèrèsé rẹ̀, pọ́ńbà nítorí ọwọ́ rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú gbogbo wọn tó ti béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ògiri fúnra rẹ̀.

Ẹni tó béèrè ni bíríkìlà àgbà kan, ará àdúgbò náà, tí ọmọ Màmá Tíṣà mú wá ní ọdún kẹta. Kò mú òòlù dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó jókòó, ó gba omi mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

“Màmá, nígbà wo ni ó máa ń tutù jù? Ṣé ìgbà tí òjò bá rọ̀ ni, àbí ìgbà tí àwọn ará òkè bá wẹ̀?”

Ìyá náà ronú díẹ̀. “Ìgbà òjò ni. Ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, àní lásìkò ọyẹ́ pàápàá.”

“Ẹ ṣé, Mà. Á jẹ́ pé omi méjì ni à ń wá. Kì í ṣe ẹyọ kan.”

Ohun tí àgbà náà mọ̀ ni pé omi kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀. Omi tó ń jò láti inú páìpù tó ń gbé omi wọlé kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, kò mọ òjò. Tọ̀sán tòru ni yóò máa jò. Omi tó ń jò láti ilẹ̀ bálùwẹ̀ tàbí láti inú páìpù omi ìdọ̀tí, ìgbà tí ènìyàn bá lò ó nìkan ni yóò wá. Omi òjò ń tẹ̀lé òjò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba wákàtí púpọ̀ tàbí odindi ọjọ́ kan kó tó yọ. Omi tí ògiri ń fà sókè láti inú ilẹ̀ kì í sábà ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ, a sì máa fi iyọ̀ funfun sílẹ̀ ní ibi tó bá dé. Omi ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni èyí tí afẹ́fẹ́ yàrá gbé dání, tí ó ń di ìrì lára ògiri tó bá tutù, pàápàá ní kọ̀rọ̀ àti lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí atẹ́gùn kì í dé. Ẹni tó bá mọ àkókò omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ orúkọ rẹ̀.

Bálùwẹ̀ òkè ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn ń fura sí. Àgbà náà ní kí wọ́n ra búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Wọ́n fi àkísà dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde nílẹ̀ bálùwẹ̀, wọ́n da omi aláwọ̀ búlúù sí i, wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Wọ́n tú àkísà náà, wọ́n jẹ́ kí omi búlúù náà bá páìpù lọ, wọ́n sì tún dúró di ọjọ́ kẹta. Kò sí àwọ̀ búlúù kankan tó yọ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ti gbogbo ẹ̀rọ omi ilé náà pa ní agogo mẹ́wàá alẹ́, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé nínú táǹkì, gbogbo ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbà láti má fa omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní òwúrọ̀, omi náà wà ní ojú àmì rẹ̀. Páìpù kankan kò jò. Bàbá Ìbejì jàre. Kò yọ̀, kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì náà fún ìgbà pípẹ́ kó tó wọlé lọ.

Ẹ̀sùn kejì ni ti fèrèsé. Àgbà náà gé ọ̀rá tí ojú ń là kọjá, ó fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ojú ọ̀rá tó kọjú sí yàrá, afẹ́fẹ́ yàrá ni ó gbé e wá, ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì á sì jẹ́ òótọ́. Bí ó bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, láàárín ọ̀rá àti ògiri, inú ògiri ni ó ti ń bọ̀. Ẹ̀yìn ọ̀rá ni wọ́n bá omi náà. Ìyá àgbà tí wọ́n ti ń sọ fún láti ọdún mẹ́ta pé kó máa ṣí fèrèsé jàre pẹ̀lú.

Àgbà bíríkìlà wá gun òrùlé. Ilé náà jẹ́ irú èyí tó wà lóde lónìí, tí wọ́n mọ ògiri kúkúrú yí òrùlé ká kí páànù má bàa hàn síta, tí gọ́tà sì farapamọ́ sẹ́yìn ògiri kúkúrú náà. Gọ́tà náà kún fún ewé, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti bọ́ọ̀lù ọmọdé kan. Ihò tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ti dí. Nígbà tí òjò bá rọ̀, omi a kún gọ́tà bí omi inú ọkọ̀, a wá ibi tí ògiri ti lanu. Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri lanu ní ibi tí àwọn páìpù ìdọ̀tí ti yọ sórí òrùlé. Omi gba ibẹ̀ wọ inú ihò tí páìpù ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá lẹ́yìn bálùwẹ̀ Bàbá Ìbejì láìfi àmì kankan sílẹ̀ nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ là gbalaja. Ìsàlẹ̀ ni kò ti rí ọ̀nà lọ mọ́. Àwọn tó kọ́ ilé náà ti da èérún búlọ́ọ̀kù àti iyanrìn tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn sínú ihò náà dípò kí wọ́n kó o dànù. Omi dúró síbẹ̀, ògiri sì ń mu ún.

Omi kejì kò jìnnà. Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí àmì àkọ́kọ́ yọ lára ògiri, wọ́n ti fi ìńtálọ́ọ̀kù ṣe àyíká ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́. Iyanrìn tí wọ́n kó sábẹ́ ìńtálọ́ọ̀kù ti gbé ilẹ̀ ìta ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Bí ènìyàn bá ń kọ́lé lọ́nà tó tọ́, a máa tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sábẹ́ ilẹ̀ yàrá, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má bàa gòkè, a sì máa rí i pé ilẹ̀ ìta rẹlẹ̀ sí ibi tí ọ̀rá náà wà. Nígbà tí ilẹ̀ ìta bá ti ga ju ọ̀rá lọ, ọ̀rá náà kò níṣẹ́ mọ́. Ilẹ̀ tútù fara ti ògiri Màmá Tíṣà lóde, ògiri sì ń fà á wọlé tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í fi í gbẹ lásìkò ọyẹ́.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òrùlé. Àwọn baba ńlá Yorùbá fi amọ̀ mọ ilé, wọ́n sì mọ̀ pé omi ni ọ̀tá amọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí òrùlé yọ jáde kọjá ògiri, kí ọ̀sọ̀rọ̀ òjò lè bọ́ sílẹ̀ jìnnà sí ìpìlẹ̀. Ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í tutù, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í tutù. Sìmẹ́ńtì àti búlọ́ọ̀kù jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé omi kò lè ṣe nǹkan kan mọ́, wọ́n sì gé etí òrùlé kúrò nítorí kí ilé lè rí bí àpótí tó dán. Gọ́tà tó farapamọ́ kò burú fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá dà á dáadáa, tí wọ́n sì ń kó pàǹtírí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kò rí, ọwọ́ kì í sábà tún un ṣe. Lójú àwọn ayálégbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òrùlé náà kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sí ẹni tó ń gbé lórí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ilé àjùmọ̀gbé wà níbẹ̀. Ohun tó ba ilé náà jẹ́ kò sí nínú yàrá ẹnikẹ́ni. Orí òrùlé ni, inú ihò páìpù ni, ilẹ̀ ìta ni: ibi mẹ́ta tó jẹ́ ti gbogbo wọn, tí ẹnì kankan kò sì kà sí tirẹ̀. Inú yàrá ara wọn ni wọ́n ti ń wá ẹlẹ́bi, nígbà tí ẹ̀bi wà ní ojúde.

Ní ti ẹni tí yóò sanwó, Òfin Ayálégbé tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ ọ́ láìfi bò. Onílé ni ó ń tún ìta ilé àti àwọn ibi àjùmọ̀lò ṣe. Ayálégbé ni ó ń tọ́jú inú ibi tó gbà, yàtọ̀ sí ohun tí ọjọ́ orí ilé bá bà jẹ́. Ìwé àdéhùn lè yí díẹ̀ padà nínú èyí, òfin náà kò sì kan gbogbo agbègbè Èkó, torí náà ó yẹ kí olúkúlùkù ka ìwé tó fọwọ́ sí. Nínú ilé náà, onílé kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán gọ́tà òrùlé ránṣẹ́ sí i, tí ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fọwọ́ sí lẹ́tà kan ṣoṣo, ó gbà. Lẹ́tà mẹ́ta tí Màmá Tíṣà nìkan kọ tẹ́lẹ̀ kò rí èsì gidi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bí wọ́n ṣe tò iṣẹ́ náà tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì. Wọ́n kọ́kọ́ kó pàǹtírí gọ́tà, wọ́n dí ibi tí ògiri ti lanu, wọ́n sì fi àwọ̀n sí ojú ihò omi. Wọ́n kó èérún búlọ́ọ̀kù kúrò nínú ihò páìpù. Wọ́n hú ìńtálọ́ọ̀kù tó fara ti ògiri, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n sì ṣe gọ́tà kékeré tó ń gbé omi lọ síta. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fọwọ́ kan inú yàrá. Wọ́n fi aṣọ bo imú, wọ́n rin ohun dúdú náà kí wọ́n tó nù ún, nítorí pé bí a bá fi burọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e wọ inú èémí. Wọ́n ha sìmẹ́ńtì tó ti rọ̀ kúrò títí dé ojú búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn náà, wọn kò ṣe nǹkan kan.

Àìṣe-nǹkan-kan yìí ni ó ṣòro jù. Ògiri tó ti ń mu omi fún ọdún mẹ́ta kò lè gbẹ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó gba oṣù púpọ̀, àsìkò ọyẹ́ sì ni ó dára jù fún un. Màmá Tíṣà àti ọmọ ọmọ rẹ̀ sùn sí pálọ̀ ní gbogbo àkókò náà, búlọ́ọ̀kù ìhòòhò ni àlejò sì ń bá nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni éjẹ́ǹtì fẹ́ rán akunlé wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni àgbà bíríkìlà ní kó dúró. Ọ̀dà tí a bá kùn sórí ògiri tútù, ńṣe ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ omi sínú ilé. Ní oṣù Kejì ni wọ́n tó rẹ́ ẹ, oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kun ún.

Kí iṣẹ́ tó parí ni Màmá Tíṣà ti gun àtẹ̀gùn lọ sókè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

“Bàbá Ìbejì, mo ṣì yín dá lẹ́jọ́. Ẹ fi orí jì mí.”

“Màmá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Àgbà ni yín. Èmi náà ò bá ti ronú bẹ́ẹ̀ ká ní èmi ni mò ń gbé nísàlẹ̀.”

Wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí, àwọn ìbejì sì ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n owó táìlì tí Bàbá Ìbejì ná kò padà, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọjá lára ara wọn padà. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà: nínú ilé náà, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó dájọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé Èkó nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé nínú irú ilé àjùmọ̀gbé bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Rochdale, ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú ní oṣù Kejìlá 2020, ọjọ́ mẹ́jọ péré lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún méjì. Ilẹ̀ Sudan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Àjọ kan tó ń fi ilé háyà fún ará ìlú ni ó ni fúláàtì tí wọ́n ń gbé. Láti 2017 ni bàbá rẹ̀ ti fi ẹjọ́ sùn pé ògiri ń bu. Wọ́n ní kó kun ọ̀dà bò ó. Ní oṣù Kọkànlá 2022, Joanne Kearsley, ẹni tí òfin yàn láti wádìí ikú náà, sọ pé àìsàn èémí tó le ni ó pa ọmọ náà, pé ohun tó ń hù lára ògiri ilé wọn, tí ó ti ń fà símú fún ìgbà pípẹ́, ni ó sì fa àìsàn náà. Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, àjọ tó ni ilé náà gbà pé àwọn ti méfò nípa bí ìdílé náà ṣe ń gbé ìgbésí ayé wọn, àti pé àwọn ṣì í.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọ Yorùbá létí. Ẹni tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ike wẹ̀, tó ń fi wákàtí mẹ́ta se ọbẹ̀, tó ń sá aṣọ sínú ilé nítorí òtútù, mọ bí ó ti rọrùn tó láti nàka sí i. Òtítọ́ ni pé èémí, ìkòkò àti aṣọ tútù ń fi omi kún afẹ́fẹ́, ó sì yẹ kí a ṣí fèrèsé tàbí kí a tan fáànù tó ń fa atẹ́gùn jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà ayálégbé ni ẹni tó wá wo ògiri gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ sínú ìwé rẹ̀. Gọ́tà, páìpù, òrùlé àti ilẹ̀ ìta ni kó kọ́kọ́ wò.

Ikú ọmọ náà bí òfin kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 2025, bí ayálégbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní England bá fi ẹjọ́ ọ̀rinrin tó lè pa ènìyàn lára sùn, onílé gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, kó kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sí ayálégbé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3 lẹ́yìn ìwádìí, kó sì mú ewu náà kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Bí ó bá jẹ́ ewu pàjáwìrì, wákàtí 24 ni ó ní. Ohun tó yẹ kí a ṣàkíyèsí nínú òfin náà ni bí ó ṣe tò ó: ìwádìí ni ó ṣáájú, ìwé àlàyé tẹ̀ lé e, àtúnṣe sì tẹ̀ lé ìyẹn. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀.

Òfin kò lè gun òrùlé fún ẹnikẹ́ni ṣá o. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé àjùmọ̀gbé, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ pàdé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rán ẹni tó mọṣẹ́ gun òkè lọ kó gọ́tà. Ẹ yí ilé ká, kí ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Bí omi bá yọ ní ibi tí wáyà iná wà, ẹ pa iná ibẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí ògiri ẹnikẹ́ni bá sì tutù, kó mú bírò àti ìwé, kó kọ ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kó kọ bóyá òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀.